Ẹni Tó Ni Ọkọ̀ Yìí Wà Láàyè

Agbolé Olókùn-Ẹṣin,
Bẹ́yerúnkà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlásárì.

Muhydeen, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àlàékúmù. Mo ní ìrètí pé ìwé yìí yóò bá ọ nínú ara líle, àti pé ọyẹ́ Kàdúná kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àyà rẹ jà bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Kí Ọlọ́run Ọba fi àánú rẹ̀ ṣe aṣọ òtútù fún ọ. Ní ti àwa nílé, a wà. Bàbá rẹ wà láàyè. Ó jẹun láàárọ̀ yìí, ó sì ti bá mi fa ọ̀rọ̀ lórí iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀. Mo fi ìyẹn ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Láti ìgbà tí ojú bàbá rẹ ti ń ṣú ni etí rẹ̀ ti gba iṣẹ́ ojú mọ́ tirẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nílé ìdáná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò ti dá mi lóhùn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sídìí tábìlì tí mo fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà, tí mo mú bírò. Nojeem, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ń bọ̀ wá ra ẹ̀wà ní Kàdúná, òun ni mo fi í rán. Jókòó kó o tó kà á. Mo mọ̀ pé o ti dé Jẹ́bà kó o tó padà sẹ́yìn. Màá dé orí ìyẹn, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

O mọ bàbá rẹ àti ọkọ̀ funfun yẹn. Ọdún tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ ìjọba ní Agodi ló rà á, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń pè é ní orogún mi. Kò sí òwúrọ̀ tí kì í kọ́kọ́ lọ wo orogún mi kó tó béèrè bí mo ṣe jí. Bó bá ń fi aṣọ nù ún, wàá rò pé ọmọ ìkókó ló ń wẹ̀. Mi ò jowú. Orogún tó ń gbé mi lọ sí Ọjà'ba, tó tún ń gbé mi bọ̀, tí kì í sì í bá mi pín ọbẹ̀, kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Ojú ló dá ìjà sílẹ̀.

Dókítà tó yẹ ojú rẹ̀ wò ṣàlàyé fún wa pé ṣe ni àrùn náà ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Bó o bá dúró síwájú rẹ̀ gan-an, yóò rí i pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ kan ti já. Bó o bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó parí, o ti di afẹ́fẹ́. Dókítà ní oògùn tí à ń kán sí i yóò dá èyí tó kù dúró díẹ̀, pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, nítorí náà kó má wakọ̀ mọ́ láé. Bàbá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a bọwọ́, ó jáde, ó sì wakọ̀ gbé mi wálé.

Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde lẹ́nu ọ̀nà agbolé. Hikmat, ọmọ Mutmainnah àbúrò rẹ, ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ wá bàtà rẹ̀ tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Igbe tí Mutmainnah ké lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọ̀fun rẹ̀ ya. Ó fi ẹ̀wù fa ọmọ náà yọ, táyà sì gun orí bàtà kọjá, bọ́ńpà sì lọ fi ara ha ògiri. Bàbá rẹ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Kí lẹ̀ ń pariwo sí? Ṣé mo gbá nǹkan ni?" Mutmainnah mú bàtà tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wò ó títí, ó ní àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti máa ṣeré. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku ara bàtà náà kó tó dá a padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé ọkọ̀ náà lọ sí Bẹẹrẹ.

Muhydeen, a bẹ̀ ẹ́. Lèmọ́mù wa bẹ̀ ẹ́. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbé ọkọ̀ jáde, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí títí màá fi gbọ́ fèrè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí mo bá gbọ́ ariwo lójú títì, ọkàn mi á ti sọ fún mi pé òun ni, ó ti gbá ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ kan ni Mutmainnah wọlé tọ̀ mí wá, ó ní, "Màmá, Bàbá ò ní í jáwọ́. Tó bá pa èèyàn ńkọ́? Kí la máa sọ fún ìyá onítọ̀hún?" Ó ní òun máa wá ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà, pé bí oníbàárà bá ti dúró síwájú bàbá rẹ, ojú á tì í láti lé àlejò jáde. Mo gbà fún un. Kò sí ìyá tí ì bá rí bàtà yẹn tí kò ní í gbà.

Ìgbà tí bàbá rẹ lọ kírun Jímọ̀ ló ya fọ́tò ọkọ̀ náà, ó sì kọ ìpolówó sí i, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kà. Ó ní, "Ọkọ̀ tó dà bíi tuntun. Ẹ́ńjìnnì kò níṣòro kankan. Ẹ́síì ń tutù bíi yìnyín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín." Mo bi í pé ẹ́síì wo? Ṣebí ìwọ ṣì wà ní yunifásítì nígbà tí ẹ́síì yẹn ti mí èémí ìkẹyìn. Ó dá mi lóhùn pé, "Màmá, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà." Ó gbọ́n, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Àwọn èèyàn pè é. Wọ́n pè é gan-an. Àmọ́ ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi í: "Kí ló dé tí ẹ fẹ́ tà á?" Kò lè sọ pé ojú bàbá òun ni, kó má bàa di pé òun ń tú àṣírí àgbàlagbà fún ẹni tí òun ò rí rí. Á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, á ní kò sí nǹkan kan, a kàn fẹ́ tà á ni. Ohùn ẹni tó ń pè á sì yí padà. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ní, "Màdáámù, ọkọ̀ tó dáa báyìí tí ẹ kàn fẹ́ tà, ṣé tiyín ni ṣá?" Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó fi ẹsẹ̀ kan Bẹ́yerúnkà.

Ẹnì kan ló wá sọ fún Mutmainnah pé bí àwọn èèyàn bá rí i pé àgbàlagbà ló ń lo ọkọ̀, wọ́n á fọkàn tán an. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Ó lọ wá fọ́tò tí bàbá rẹ yà lọ́jọ́ ọdún Iléyá, èyí tó ti wọ agbádá funfun, tó wé láwàní, tó gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sókè pé, "Alhaji Màmúdù, Agbolé Olókùn-Ẹṣin, Bẹ́yerúnkà, Ìbàdàn. Awakọ̀ àgbà." Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín, ló wá kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ títà sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àtìní, ó fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, pé kí wọ́n bá òun pín in káàkiri.

Ìwọ gan-an rò ó wò. Arúgbó nínú agbádá funfun, ẹ̀rín lẹ́nu, orúkọ lókè, agbolé lẹ́yìn orúkọ. Nínú Ìbàdàn yìí, ara ògiri wo la kì í lẹ ìkéde òkú tó rí báyẹn mọ́? Misbaudeen, ìbátan bàbá rẹ tó ń gbé ní Oníyanrìn, ló kọ́kọ́ rí i, òun ló sì kọ́kọ́ kọ "Ìnnà lílláhì." Ẹni tó tẹ̀ lé e kọ tirẹ̀, ẹni tó tún tẹ̀ lé e kọ tirẹ̀. Ta ló máa ka ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́? A kì í jẹ́ kí òkú Mùsùlùmí pẹ́ nílẹ̀, ẹni bá fẹ́ bá wọn kírun sí i lára gbọ́dọ̀ tètè gbéra. Ibi tí ìwọ náà ti gbéra nìyẹn, tí o sáré wọ ọkọ̀ láì pe ẹnikẹ́ni nílé, tí fóònù rẹ sì lọ kú sí ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Mi ò dá ọ lẹ́bi. Bí mo bá wà níbi tó o wà, ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn.

Mo ń já ẹ̀fọ́ nílé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ igbe. Sẹ̀gilọlá, àbúrò bàbá rẹ obìnrin, ló sáré wá láti Oríta-mẹ́rin láì wé gèlè. Bàbá rẹ jókòó lọ́dọ̀ọ̀dẹ̀ nídìí rédíò rẹ̀. Sẹ̀gilọlá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fìrì, ó ń ké pé, "Ẹ̀gbọ́n mi o! Ta ni mo ní mọ́?" Omijé kò jẹ́ kó rí i, bàbá rẹ náà ò sì rí i, torí ibi ẹ̀gbẹ́ ló gbà. Ó já wọlé bá mi, ó di èjìká mi mú, ó ní, "Yàrá wo lẹ tẹ́ ẹ sí?" Kí n tó la ẹnu, àwọn èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà. Misbaudeen ti dé pẹ̀lú aṣọ funfun lápá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Bàbá rẹ dìde dúró. Ó ní, "Ta ló kú?" Sẹ̀gilọlá yọ sí i láti inú ilé, ó wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Ẹnì kan tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe na fóònù sí bàbá rẹ lójú, níwájú gan-an, níbi tó ti ń rí nǹkan. Ó ka orúkọ ara rẹ̀. Ó wo fọ́tò náà. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó ka ìsàlẹ̀ jáde ketekete pé, "Ọkọ̀ wà fún títà." Ó yí ojú sí ibi tó mọ̀ pé mo wà, ó ní, "Kúlúsúmù, o mọ̀ sí i?" Mo ní mo mọ̀ sí i. Kò pariwo, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó na ọwọ́ sí ara ìṣó tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ máa ń wà, ó mú un.

Misbaudeen ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, ẹ jókòó." Ó dá a lóhùn pé, "Òkú kì í wakọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ fi ara mi han àwọn tí ò tíì gbọ́." Muhydeen, gbogbo ojú títì ló kún fún èèyàn tó wá sìnkú rẹ̀. Àwọn ìyá pọn ọmọ, àwọn ọmọdé ń sáré kiri láàárín wọn, ọkùnrin tí kò rí ẹ̀gbẹ́ sì fẹ́ wakọ̀ gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ìbínú. Mutmainnah gbé Hikmat, ó fi ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ògiri bíi pé ó fẹ́ wọ inú rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe dé inú ọkọ̀ náà. Mo kàn rí i pé mo ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé ẹ̀fọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ti ṣíná fún un.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ní, "Obìnrin kan lọ́tùn-ún, ó ru igbá." Ó ní, "Mo rí i." Irọ́ ni, kò rí i, ṣùgbọ́n ó yà fún un. Mo ní, "Ọ̀kadà lósì." Ó ní, "Mo rí i." Mo ní, "Ọmọ iléèwé, lọ́tùn-ún, ó fẹ́ já ọ̀nà." Ó tẹ bíréèkì tó fi jẹ́ pé orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Ọmọ náà sáré kọjá níwájú wa pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Láti ibẹ̀ lọ ni kò ti sọ pé òun rí i mọ́. Bí mo bá ti ní ọ̀tún, á yà. Bí mo bá ní dúró, á dúró. A gba Bẹẹrẹ kọjá báyẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pariwo lójú ọ̀nà pé, "Alhaji rèé! Alhaji ò kú!" Àwọn kan ń ṣàdúà, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀mí gbogbo wọn wà lórí ahọ́n mi.

Ìgbà tá à ń gun òkè Mápó lọ ni ohùn mi kò jáde mọ́. Kì í ṣe pé ó ti rẹ̀ mí. Ẹkún ló gbà mí lójijì, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo wo bàbá rẹ, òógùn ti bo gbogbo ojú rẹ̀, ó sì di sítíárìn mú bí ẹni tó fẹ́ já sódò. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ fi dúró sí àárín òkè, tí gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Ó ní, "Kúlúsúmù, kí ló dé tó o dákẹ́?" Ó ní, "Mi ò lè rìn tó o bá dákẹ́." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó wá pa ẹ́ńjìnnì. A jókòó síbẹ̀ láàárín ariwo. Nígbà tó yá ló béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Hikmat lọ́jọ́ yẹn, apá ibo ló wà gan-an?" Mo sọ fún un. Ó mi orí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ, mi ò rí i kó sunkún rí àfi lọ́jọ́ náà, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa láti wá bú wa. Ó bẹ ojú wo inú ọkọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà. Ọládiípọ̀ lorúkọ rẹ̀, bàbá rẹ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà nígbà tó kọ́kọ́ dé Agodi. Òun ló wakọ̀ gbé wa padà sílé. Bàbá rẹ bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú títí, kò rí ilẹ̀kùn ṣí. Ó ní òun ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn máa ń há báyìí.

Nígbà tá a délé, àwọn tó wá sìnkú ò tíì lọ. Sẹ̀gilọlá ti gbé ìkòkò kaná fún wọn. Bàbá rẹ jókòó sáàárín wọn, ó ní, "Mutmainnah, mú fóònù rẹ wá. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa tà á, ẹ jẹ́ ká tà á dáadáa." Ó ń sọ ọ́, èmi ń fi bírò kọ ọ́, Mutmainnah sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyí:

"Ọkọ̀ funfun kan wà fún títà ní Bẹ́yerúnkà. Èmi nìkan ni mo ń wà á láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, mi ò fi ọ́ìlì rẹ̀ ṣeré rí. Ẹ́síì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì máa ń há, àfi kí ẹ gbé e sókè díẹ̀. Àpá kan wà lára bọ́ńpà ẹ̀yìn, èmi ni mo fi gbá ògiri. Kì í ṣe torí pé ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ ni mo ṣe ń tà á. Ojú mi ti ń ṣú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ọmọ ọmọ mi. Kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá wò ó lójúmọmọ, kó sì mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání. Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí wà láàyè."

Mutmainnah ní, "Bàbá, ta ló máa ra ọkọ̀ tí ẹ ti ka gbogbo àléébù rẹ̀ sílẹ̀ báyìí?" Ó ní, "Ẹni tó bá wá, kò ní í rí nǹkan tuntun tó máa fi bá wa jà." Ó ní kó yọ fọ́tò òun kúrò, kó ya bọ́ńpà ẹ̀yìn, kó sì ya ilẹ̀kùn tó ń há náà. Àwọn tó pè lẹ́yìn ìyẹn ò béèrè ìdí tá a fi ń tà á mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ọ̀nà ilé.

Ọjọ́ Àlàrùbá ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Esther wá pẹ̀lú mẹkáníìkì rẹ̀. Ará ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni, ó ń ta aṣọ àwọn ọmọdé. Mẹkáníìkì náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní gbogbo rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Esther kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi í. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yẹn ńkọ́?" Bàbá rẹ pe Hikmat jáde. Obìnrin náà gbé e, ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì ní òun máa rà á. Ohun tó san kò burú, Mutmainnah á sọ fún ọ. Òtítọ́ dé ọjà lọ́tẹ̀ yìí, kò kùtà, mo sì ti sọ ọ́ fún Mutmainnah ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, kò tètè tú ọwọ́. Ó ní, "Kó o tó fi ẹ̀yìn rìn, máa sọ̀ kalẹ̀ wo ẹ̀yìn." Esther ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ó wọnú ọkọ̀, ó ṣíná fún un, ó wá ṣí ilẹ̀kùn padà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wọlé padà. Bàbá rẹ dúró títí ìró ẹ́ńjìnnì náà fi kúrò létí rẹ̀, ìyẹn sì pẹ́ gan-an lẹ́yìn tó ti kúrò létí tèmi. Èmi náà sunkún lọ́jọ́ náà, èmi tí mo ń pè é ní orogún mi.

Mo ti dé Jẹ́bà wàyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àtìní yẹn, kí àlejò tó tán nílé, Nojeem rí ọ bá sọ̀rọ̀. O ti dé Jẹ́bà, o ti rí iná sí fóònù rẹ. Ó gbé ohùn rẹ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. O dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé bàbá rẹ ò kú, mo sì gbọ́ ọ bó o ṣe ń sunkún. Lẹ́yìn náà lo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, o máa padà bí ilẹ̀ bá ti mọ́, torí àyè ìsìnkú ni ọ̀gá rẹ fún ọ. Nojeem ní ìyẹn náà dáa. Ó pa fóònù.

Bàbá rẹ jókòó lọ́dọ̀ọ̀dẹ̀, mo sì ti sọ fún ọ nípa etí rẹ̀. Ó ní, "Jẹ́bà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O mọ̀ pé kò sí ojú ọ̀nà àríwá tí kò wa àwọn ọ̀gá Agodi gbà rí. Ó ń fi ìka ka àwọn ìlú náà lórí itan, Kàdúná, Mọ́kwà, Jẹ́bà, ó ní, "Ó ti rin èyí tó pọ̀. Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló kù." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ń bọ̀ wá sin mí." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Kò tíì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ láti ìgbà náà. O ti pe èmi, o ti pe Mutmainnah. Ìwọ náà mọ ẹni tí o kò tíì pè.

Muhydeen, mi ò bá ọ jà. Mo mọ bí iṣẹ́ ṣe rí níta, mo mọ bí ọ̀gá ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ìdajì èèyàn Ìbàdàn ló sáré wá nígbà tí wọ́n rò pé ó kú, tí agbolé ò gbà wọ́n, tó sì jẹ́ pé nígbà tó wà láàyè, rédíò nìkan ló ń bá a jókòó. Ní báyìí tí kò sí ọkọ̀ mọ́, ó máa ń gbé àga síta nírọ̀lẹ́, á kọjú sí ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀, á jẹ́ kó sún mọ́ tòsí kó tó kí i, torí iwájú nìkan ló kù fún un, dókítà ò sì lè sọ ìgbà tí ìyẹn náà máa lọ. Wá dúró síwájú rẹ̀ nígbà tí iwájú ṣì wà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká pàdé níbi ẹkún. Kó jẹ́ kí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ máa bá ayọ̀ pàdé, kó jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fi ojú àánú wò ọ́, kó sì jẹ́ kí ìwọ náà rí ọmọ tí kò ní í dúró dìgbà ìsìnkú kó tó wá wò ọ́. Àmín, yá Ráhímù.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Kúlúsúmù.

Àfikún: Mo ń ká ìwé yìí lọ́wọ́ ni bàbá rẹ sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ta ni mò ń kọ ìwé sí tí bírò kò fi sinmi láti ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní ìwọ ni. Ó wá ní kí n sọ fún ọ pé kó o má rin ìrìn alẹ́, kó o wọ ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù, kó o sì jókòó sí ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà gan-an, pé ibẹ̀ ló láàbò jù. Mi ò sọ fún un pé o ń bọ̀ o.